Àtúnṣe Tí Bámilóyè Wá Béèrè

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí ẹ má bàa fojú ènìyàn mímọ́ wò mí: kì í ṣe ìfẹ́ ló mú kí n dá Bámilóyè lóhùn lọ́jọ́ náà. Inú ló ń bí mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni inú ti ń bí mi, ìwé kíkà àti ẹ̀rín músẹ́ ni mo kàn fi ń bò ó.

Rọ̀kíbátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Olùkọ́ ni wọ́n ń pè mí ní Abúlé Òkúta níbí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dé, tí wọ́n sì ti jẹun yó, àwọn kan a gun àtẹ̀gùn wá sí pálọ̀ mi, èmi a sì kọ́ wọn ní Kábálà. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń já ènìyàn láyà. Ọgbọ́n àtayébáyé àwọn Júù ni, lórí bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe lè dàgbà kúrò nínú "tèmi, tèmi" títí yóò fi kọ́ bí a ti ń fúnni. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó wà lókè òkun, ní àwọn ọdún tí n kò ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a máa béèrè ìbéèrè o! Ahmed, tó ń bá àwọn atẹ̀wé gé pépà ní Bajulaiye, ló kọ́kọ́ nawọ́ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ má bínú o, ṣé a máa mulẹ̀ ni?"

"Ìwọ tí o ò lè pa àṣírí oúnjẹ tí o jẹ láàárọ̀ mọ́, ta ló fẹ́ bá ọ mulẹ̀?"

Hikmat, tó ń ta ṣájà fóònù ní Fádèyí, fẹ́ mọ̀ bóyá òwú pupa tí àwọn kan ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lè gba òun lọ́wọ́ ojú burúkú ìyá ọkọ òun. Mo ní òwú ò lè ṣe ohun tí ìwà ò bá ṣe. Bí ẹnu tirẹ̀ náà bá ṣì mú bí abẹ, asán ni. Ọ̀gbẹ́ni kan béèrè bóyá òun gbọ́dọ̀ fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Ta ló ní kí ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀? Ìmọtara-ẹni-nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, bí ẹ bá lágbára." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu mi tí kò dùn yìí.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún wọn jù ni pé bí ẹnìkan bá gbá ọ létí, àlàfo kékeré kan wà láàárín ìgbátí náà àti èyí tí o fẹ́ dá padà. Inú àlàfo yẹn ni ọkàn ti ń dàgbà. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni nìkan kọ́ ni Ọlọ́run ń wò, ó ń wo èrò tí a fi ṣe é. Ẹ ò rí i pé mo dà bí olórin tí kò mọ ijó?

Ẹnu ìyẹn la wà tí ọkùnrin kan fi wọlé, tó ṣí fìlà, tó sì jókòó lẹ́yìn. Orí mi wú. Bámilóyè ni, àbúrò Ìbídàpọ̀ ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Ìbídàpọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé sí Bajulaiye, òun àti Bámilóyè ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, àbúrò yìí tẹ pósítà ìsìnkú. Wọ́n kọ orúkọ ìyá òkú, wọ́n kọ ti àbúrò, wọ́n kọ ti àwọn ọmọ àbúrò, wọ́n tilẹ̀ kọ ti àna àbúrò ní Ìjẹ̀bú. Orúkọ ìyàwó òkú ò sí níbẹ̀. Mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ, mo kúnlẹ̀, mo ní bóyá wọ́n gbàgbé ni. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Obìnrin tí kò bímọ, kí la fẹ́ kọ? Àwọn tó fi sáyé lọ la ní ká kọ." Ẹ̀rọ ọkọ mi fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ o! Wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti Bajulaiye dé Fádèyí, kò sí ògiri tí n kò ti bá ojú ọkọ mi pàdé láìsí èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ti géètì mọ́ mi síta, nítorí àlejò ò gbọdọ̀ da ìdílé láàmú. Èmi, àlejò! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kò dá mi mọ̀. Lóòótọ́, mo ti sanra, mo ti ń lo awò ojú, irun mi sì ti funfun. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí rẹ̀. Bámilóyè ò wo ojú mi rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ìyàwó ilé wọn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i, "Ọkọ mi" ni mo sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, torí pé inú ilé ni mo bá a. Orí gèlè mi ló mọ̀.

Nígbà tó kàn án láti béèrè, ó dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ̀ ń kọ́ni ní àtúnṣe ohun tó ti bàjẹ́. Mo ṣẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti di olóògbé. Mo yọ orúkọ rẹ̀ nínú pósítà ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Mo lé e. Mo wá parọ́ fún ìyá wa pé ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó sì sá lọ kí wọ́n tó sin òkú." Ó gbé itọ́ mì. "Ìyá wa ṣì ń ṣépè fún obìnrin náà láràárọ̀. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ, torí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. N kì í lè jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti lọ sórí òkè, kò lọ. Ṣé ẹ ní àdúrà kan tí mo lè gbà, kó kàn wẹ̀ mí mọ́ báyìí, láìjẹ́ pé mo wá obìnrin yẹn lọ?"

Háà! Èpè wo? Mi ò tíì gbọ́ ti irọ́ yẹn rí. Ìyá Ìbídàpọ̀, tó máa ń gbé orí mi lé itan rẹ̀ láti dirun fún mi, ìyá yẹn ló ń fi mí ré? Mo pa ìwé tó wà níwájú mi dé. Ká ní ọ̀bẹ wà nítòsí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Mo wá àlàfo tí mò ń kọ́ wọn, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi sínú rẹ̀ kì í ṣe àánú.

"Kò sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀," mo ní. "Àwọn àgbà Júù gan-an wí i: ohun tó bá wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, Ọlọ́run lè dárí rẹ̀ jì ọ́. Ohun tó bá wà láàárín ìwọ àti ọmọnìkejì rẹ, àfi kí o kọ́kọ́ tu onítọ̀hún lójú."

"Tí obìnrin náà bá ti kú ńkọ́, Màmá?"

"Kò tíì kú."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá Olùkọ́ ni mí."

Ahmed mi orí tìyanu-tìyanu. Mo wá sọ fún Bámilóyè pé ohun tí a bá bà jẹ́ ní gbangba, gbangba la ti ń tún un ṣe. Kó tẹ pósítà mìíràn. Kó gbé àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i, kó kọ orúkọ ìyàwó ṣáájú orúkọ gbogbo ènìyàn, kó sì kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ pé òun Bámilóyè lòun yọ ọ́, òun lòun parọ́ mọ́ ọn. Kó má rán ọmọ iṣẹ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni kó po sítáàṣì, kó sì lẹ̀ ẹ́ síbi gbogbo tó lẹ tàkọ́kọ́ sí, ní ọ̀sán gangan.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Hikmat pè mí pé ọ̀gbẹ́ni ìjọsí ti wà ní Fádèyí o. Mo wọ bàtà, mo lọ. Mo bá Bámilóyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, sítáàṣì ti ya bo aṣọ rẹ̀, òógùn bò ó. Àwọn ènìyàn ti pé lé e lórí. Obìnrin kan ń ka pósítà sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé, bó sì ti ń kà á ni wọ́n ń pariwo. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín! Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run!" Bàbá kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè gbójú sókè wò mí nídìí ẹ̀rọ, kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

Mo ra ẹ̀pà, mo dúró sí òdìkejì, mo ń jẹ ẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dé eegun. Mo tẹ̀ lé e dé Bajulaiye, mo tún dúró wò ó níbẹ̀. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé, "Rọ̀kíbátù, òtítọ́ ni èsì tí o fún un, ṣùgbọ́n ìdí tí o fi fún un ò mọ́." Mo ní kí ọkàn mi pa ẹnu mọ́.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, pálọ̀ kún, torí ọ̀rọ̀ pósítà ti tàn ká. Ṣé ẹ mọ ẹni tí Bámilóyè mú dání? Ìyá rẹ̀. Ahmed ló di ìyá àgbà náà lápá gun àtẹ̀gùn. Bámilóyè wọ funfun, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn.

"Ìyá Olùkọ́, mo ti ṣe é! Obìnrin náà ò tíì yọjú, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ fún màmá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó là mí lójú."

Mo dìde láti kí wọn. Ìyá àgbà ti sún mọ́ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n yọ awò ojú mi fúnra wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé irun mi.

"Rọ̀kí," wọ́n ní. "Rọ̀kí, ìyàwó mi."

Omijé ń dà lójú wọn. "Ẹnu yìí ni mo fi ń gé ọ légùn-ún láràárọ̀. Láràárọ̀, Rọ̀kí! Mo ní o ò ní rẹ́ni sin ọ́." Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo sáré gbá wọn mú. Èèwọ̀! Ẹkún gbé èmi náà.

Bámilóyè sún mọ́ wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ni? Ẹ tàn mí!"

"Irọ́ wo ni mo pa fún ọ?"

Ó na gbọọrọ sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti yíjú sí i, mi ò sì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jẹ́rìí mi. Ìbídàpọ̀ ti lọ, eléyìí nìkan ló kù mí kù. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú mi. Kò gbọdọ̀ da iyẹ̀pẹ̀ sí mi lára. Àjèjì ni kó sin mí."

Ẹnìkan ké, "Yéè!" Bámilóyè rá pálá dé ẹsẹ̀ mi. "Ẹ gbà mí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè gbọ́ tiyín."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá dákẹ́, tirẹ̀ ti parí nìyẹn: ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ̀ kó sin òun, ojú wo ló kù tí yóò fi rìn láàárín ènìyàn? Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti géètì mọ́ mi síta ló wà lọ́wọ́ mi yẹn. N kò ní ṣe jù kí n jókòó, kí n má sọ nǹkan kan. Mo sì jókòó. Mo jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo jẹ́ kó sunkún, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Hikmat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́: "Ìyá Olùkọ́, ṣé ká máa lọ sílé ni?"

Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ìbéèrè òun ló le jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti bi mí ní pálọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá lọ báyìí, kí ni wọ́n kọ́ lọ́wọ́ mi?

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, mo di ẹsẹ̀ wọn méjèèjì mú. "Màmá, ẹ dárí jì í. Ẹ̀yin lẹ bí i, òun ni kó sin yín. Ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà kó tó balẹ̀."

Wọ́n kọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí ohùn mi fi há, kí wọ́n tó mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó ní, "Nítorí tìẹ ni o, Rọ̀kí. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀."

Bámilóyè bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó fẹ́ gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo fa ọwọ́ mi.

"Bámilóyè, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ ló dárí jì ọ́. Èmi ò tíì dárí jì ọ́."

Ó gbé ojú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò mí lójú. "Ìgbà wo wá ni, ẹ jọ̀ọ́?"

"Máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," mo ní. "Lọ́jọ́ tí mo bá ṣetán, kí n má wá ọ tì."