Ìyá Ọkọ Tíṣà

Ọjọ́ tí ìyá aránṣọ já bọ́ lórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọwọ́ náà fi ń dùn ún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìjàkadì júdò nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń pè é ní Tíṣà, ló ń bá a fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, bí èèyàn ṣe ń ṣubú tí kò ní fara pa la kọ́kọ́ máa ń kọ́ lọ́dọ̀ wa."

"Háà! Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń sá fún ìṣubú, ìwọ wá ní kí n wá kọ́ ọ bí iṣẹ́!"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó rán aṣọ júdò fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí Sátidé pé, ó ti dé gbọ̀ngàn kí Tíṣà fúnra rẹ̀ tó dé.

Tíṣà ní kí gbogbo wọn tò. Iwájú pátápátá ni ìyá lọ dúró sí; ta ló dàgbà jù ú lọ níbẹ̀? Wẹ́dà kan, onígbànú búráùn, tó máa ń ṣáájú, wúkọ́. Tíṣà ti ń làágùn.

"Màmá, ẹ má bínú, ìgbànú la fi ń tò níbí, kì í ṣe ọjọ́ orí."

Ìyá wo ìgbànú funfun tirẹ̀, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin méjì kan tí wọn ò tíì jáde ìwé mẹ́wàá. "Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, "ẹ̀yin" ló ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ara Tíṣà kò gbà á.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní 'ẹ̀yin' mọ́."

"Tá a bá délé, ẹ̀ẹ́ gbọ́ 'ìwọ' títí á fi sú yín. Lórí ẹní yìí, Tíṣà lẹ jẹ́."

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí ìyá nínú. Tíṣà á gbé wẹ́dà ṣánlẹ̀, gbì! Á gbé àwọn ọmọbìnrin, gbì! Tó bá kan òun, á rọra gbé e lélẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyá fọwọ́ lé ìbàdí.

"Tíṣà, ẹ ò tíì kọ́ mi ní nǹkan kan."

"Ìyá ọkọ mi lẹ jẹ́, Màmá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé yín ṣánlẹ̀?"

"Ìyá ọkọ yín wà nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi. Tí mo bá tún já bọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé ilẹ̀ á bọ̀wọ̀ fún mi ni?"

Tíṣà bọ́ síwájú rẹ̀. Ó tẹrí ba fún un dáadáa bí òfin júdò ṣe wí, ó di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, ó yí ìdí. Kí ìyá tó ṣẹ́jú, òrùlé ló ń wò. Gbì! Wẹ́dà dijú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ti gbá ẹní bó ṣe yẹ, orí rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Ẹ tún un ṣe!"

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n tún un ṣe.

Ìdánwò ìgbànú yẹ́lò, tó ga ju funfun lọ, dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyá gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ṣánlẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé láti tẹrí ba fún un. Ijó ló ń jó káàkiri ẹní. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yege. Ọkọ Tíṣà, tó wá wo ìyá rẹ̀, di orí mú. Wọ́n jọ wọ mọ́tò lọ sílé.

Bí ìyá ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló ké sí aládùúgbò wọn ní òdìkejì ògiri: "Ẹ wá gbọ́ o! Ìyàwó ọmọ mi ní mo fìdí rẹmi!"

"Yéè! Àárín yín ti dàrú nìyẹn?"

"Ó dàrú kẹ̀? Ẹni tó lè sọ òótọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ̀, ta ló tún máa purọ́ fún? Mo ti rí olùkọ́ o!"

Tíṣà, tó ti fara pa mọ́ sínú mọ́tò, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá tẹrí ba níbi tó yẹ, ó sì yege. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Tíṣà ti àga pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi dánra wò. Ọkọ Tíṣà wo ìyá, ó wo ìyàwó, ó sá wọ ilé ìdáná, ó ti ìlẹ̀kùn.