Ohùn Tí Àárẹ̀ Ń Mú Lọ́sàn-án

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Eneida Castilla fi jẹ́ ẹnu fún gáréèjì ìlú Ciénaga Honda. Bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ gbéra, òun ló ń jókòó sínú yàrá kékeré onígíláàsì, tó ń fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra, tó sì ń ka àwọn ìlú tí ọkọ̀ máa gbà kọjá bí ẹni tó ń ki ọba: Magangué, Corozal, Sincelejo, títí dé Cartagena. Àwọn kan wà tí wọn ò ní ibi kankan í lọ, tí wọ́n á kàn wá jókòó sórí bẹ́ńṣì láti gbọ́ ọ. Kò sí ibi ìwòran mìíràn nílùú wa, ẹ má bá wọn wí.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yẹn, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Láàárọ̀, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó já gaara. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, ẹ ò ní bá a lórí ìjókòó mọ́. Eneida á pe Magangué dáadáa. Kó tó dé Sincelejo, ó ti ń ránmú. Tó bá fi máa kan Cartagena, ahọ́n rẹ̀ á ti wúwo, ọ̀rọ̀ á máa yọ́ dànù lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ohùn á padà. Bó bá tún sọ̀rọ̀, ohùn á tún lọ. Ìyá arúgbó kan tó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ní Corozal wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó bá ara rẹ̀ ní Montería. Wọ́n ní Montería náà dùn mọ́ ọn, àmọ́ ó ṣì kọ̀wé ẹ̀sùn.

Dókítà kan ṣoṣo ló wà ní Ciénaga Honda, ṣùgbọ́n gbogbo aráàlú ló mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Àwọn kan ní kí Eneida máa mu oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Dókítà fúnra rẹ̀ ò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ.

"Ọkàn yín ló ń dààmú, màmá. Ẹ lọ sinmi. Ṣé bàbá wà nílé?"

"Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́fà."

"Ẹ ò rí i bí?" ni dókítà wí, bí ẹni pé òkú ọkùnrin náà ló di ìyàwó rẹ̀ lọ́fun mú. Ó fún un ní oògùn amárale, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé.

Ní ti máníjà gáréèjì, Evaristo Bolaño, kò nílò ìwé ìṣègùn. Ọkùnrin náà mọ òórùn ọtí dáadáa, torí kì í jìnnà sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí Eneida wá.

"Aǹtí Eneida, ẹ sún mọ́bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí sí mi lójú."

Eneida mí sí i lójú.

"Kí lẹ mu?"

"Kọfí ni, ọ̀gá."

"Kọfí wo ló ń so ènìyàn láhọ́n?"

Eneida fẹ́ ṣàlàyé pé òun kì í mutí, pé ohùn òun á dáa tí òun bá sinmi. Àmọ́ àlàyé náà gùn ju ohùn tó kù lọ. Nígbà tó dé ìdajì, imú ló ń bá a sọ ọ́.

"Ẹ gbọ́ fúnra yín!" ni Evaristo wí, ó sì kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ aráyé ṣe ń yára dájọ́, kó lọ ṣe àìsàn tó jọ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló dun Eneida jù. Ó di pé lọ́sàn-án, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, nítorí ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná. Àwọn tó ti ń bá a ṣàwàdà láti ọjọ́ pípẹ́ ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Á wálẹ̀, Eneida á gbé e sókè, á tún wálẹ̀. Gíláàsì yàrá rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí awakọ̀ kan, Wilfrido, ń gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí. Wilfrido yìí jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ, obìnrin kankan ò sì ṣẹ́jú sí i rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó rí ojú náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́, ó sì ń fín lọ́fínńdà kó tó wa ọkọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Leovigilda, ló ń ta yìnyín fífá tí wọ́n ń da omi èso àjàgbọn lé lórí ọmọlanke lẹ́nu géètì gáréèjì. Imú rẹ̀ gbọ́ òórùn lọ́fínńdà náà, ojú rẹ̀ sì wá ibi tó ti wá.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ló já wọ yàrá onígíláàsì. Eneida ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọkọ̀ tán, kò tíì pa gbohùngbohùn.

"Eneida! Ojú tí kì í ṣí mọ́ yẹn, ta lò ń ṣẹ́ ẹ sí?"

Gbogbo gáréèjì gbọ́. Àwọn èrò Sincelejo tó ti wọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ wọn ló sì ṣáájú wọn.

"Leo, ojú mi ò..." Ohùn Eneida gba imú jáde.

"O tún ń ránmú sí mi! Èmi kọ́ ni Wilfrido o! Òun ni kó o fi ohùn ìfẹ́ yẹn tàn!"

Níta, Wilfrido fa ikùn rẹ̀ wọlé. Leovigilda gbá Eneida létí, ó dún nínú gbohùngbohùn dé òpópónà. Eneida wó lulẹ̀ pẹ̀lú àga, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Ẹ bá wa wá yìnyín!" ni obìnrin kan pariwo.

Gbogbo ojú yí sí Leovigilda, nítorí ní gbogbo àyíká yẹn, òun nìkan ló ní yìnyín. Ó pòṣé, ó lọ fá a, ó di í sínú aṣọ, ó sì kúnlẹ̀ tì í mọ́ ojú tí òun fúnra rẹ̀ ṣe léṣe. Nígbà tó yá, ó gbé aṣọ náà kúrò. Ìpéǹpéjú tó ti ń ṣubú láti oṣù kan ti gbéra, ojú òsì là rekete. Nígbà tó yá, ó tún rọra wálẹ̀. Leovigilda tún fi yìnyín sí i. Ó tún là.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó.

"Eneida," ló wí, "ojú tó ń wá ọkùnrin, yìnyín kì í wò ó sàn. Ara rẹ ò yá."

Láti oṣù mẹ́ta, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. Eneida bú sẹ́kún.

Leovigilda ló mú un lọ sí Cartagena, nínú bọ́ọ̀sì Wilfrido. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ gangan, ó ń wo ọrùn rẹ̀. Dókítà obìnrin kan ní kí Eneida kà sókè láti oókan dé àádọ́ta. Nígbà tó dé ẹẹ́tàlélógún, ó ń ránmú. Lẹ́yìn ọgbọ̀n, kò sẹ́ni tó mọ iye tó kà mọ́. Leovigilda ló bá a ròyìn ìyókù, títí kan ìgbátí náà.

"Iṣan ni ò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an mọ́," ni dókítà wí. "Bó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni àárẹ̀ ṣe ń mú un. Oògùn wà, ẹ ó máa lò ó ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Àmọ́ bí ẹ ò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí tí èémí ń há, kíá, ẹ máa bọ̀." Ó ní orúkọ rẹ̀ ni miastenia gravis.

"Àìsàn tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn," ni Leovigilda wí, "orúkọ tí ẹnu tó le koko ò lè pè ni wọ́n fún un!" Eneida fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ fà bíi ti ẹni tó ń bínú, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà.

Evaristo ka ìwé dókítà, ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé obìnrin yìí kì í mutí. Láti fi àánú rẹ̀ hàn, ó ra ẹ̀rọ kan láti olú ìlú, kó máa sọ̀rọ̀ dípò Eneida. Ẹ̀rọ náà ò ránmú, ó kàn ń pe orúkọ ìlú wa bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ó sì ń rán àwọn èrò lọ sí ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Kò sẹ́ni tó ní kó mí sí òun lójú. Oṣù kan kò pé tí wọ́n fi bẹ Eneida padà, láàárọ̀ nìkan.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kò sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, oúnjẹ pàápàá máa ń rẹ̀ ẹ́ í jẹ lọ́sàn-án. Leovigilda kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ìgbátí náà rí. Ohun tó ń sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé ìgbátí yẹn ló wo Eneida sàn, pé dókítà Cartagena kàn parí iṣẹ́ ni.

Eneida gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí kò lóhùn. Ó lọ sílé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà sùn. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lo oògùn rẹ̀, ó dúró títí ó fi ṣiṣẹ́, ó wá lọ dúró níwájú ọmọlanke, ó sì sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ránmú rárá. Leovigilda ò dá a dúró. Ó ń fá yìnyín rẹ̀, ó ń gbọ́.