Ṣòkòtò Ìyàwó Mi

Èmi ni ọkọ rẹ̀. Obìnrin ni mí o, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ló gbé e wálé, gbogbo ẹni tí wọ́n sì ti bí nínú ilé kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. "Ọkọ mi" náà ló ń pè mí títí dòní, nílé àti níbi iṣẹ́, torí ilé ìtẹ̀wé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń di ìwé pọ̀ lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Òun ni olórí ẹ̀rọ ńlá, èyí tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa sọ̀rọ̀.

Kò sẹ́ni tó gbé ipò náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Gírísì, àgbà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì kọ́ ọ dójú àmì. Ṣòkòtò kakí àti ẹ̀wù tó mọ́ra ni ìyàwó mi máa ń wọ̀, á wá fi gèlè kékeré di irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, torí àwọn rólà ẹ̀rọ yẹn kì í béèrè ọmọ ta lèèyàn kí wọ́n tó fà á wọlé. Wọ́n ti fa apá ẹ̀wù ẹnì kan rí. Ọlọ́run ló yọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò pé mọ́.

Láti ìgbà náà la ti fi ọ̀dà fa ìlà pupa yí ẹ̀rọ ká, a sì ní àṣà kan tí a kì í fò. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, olórí ẹ̀rọ á ní, "Ẹ wo ara yín." Kálukú á wo aṣọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí aṣọ náà bá mọ́ra, á ní, "Ó pé." Bí nǹkan kan bá ń fì, á ní, "Kò pé," onítọ̀hún kò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà, kódà kó jẹ́ òun ló ni ilé iṣẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ọ̀gá tuntun fi dé. Ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Táì gígùn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Táì. Ọ́fíìsì ló ti wá, níbi tí kò ti sí ohun tó lè gé èèyàn ju etí bébà lọ. Kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dáadáa tó fi pè wá jọ sí àgbàlá. Ó ní a rí wúruwùru, pé ojú ń ti òun níwájú àwọn oníbàárà. Láti ọjọ́ Ajé, gbogbo ọkùnrin á so táì, gbogbo obìnrin á wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì tó dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ìyàwó mi na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Ṣòkòtò ló bá iṣẹ́ mi mu."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni ń wo ẹran lórí igbá. "Abilékọ ni ọ́," ó ní. "Ṣé ọkọ ẹ mọ̀ pé báyìí lo ṣe ń jáde?"

Inú bí mi. Béèyàn bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Mo sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọkọ rẹ̀ mọ̀ sà. Èmi gan-an ni mo bá a ra ṣòkòtò náà."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dun ọ̀gá wọra. Ó ní bí ìyàwó mi bá wọ ṣòkòtò wá lọ́jọ́ Ajé, kó má wulẹ̀ wọlé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun á fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi wá jókòó sí yàrá mi, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun. Ìbínú ni.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ rí bí mo ṣe jìyà kí n tó mọṣẹ́ yìí. Mi ò ní fi í sílẹ̀. Mi ò sì ní fi ẹsẹ̀ mi fún ẹ̀rọ jẹ."

"Ta ló ní kó o fi í sílẹ̀?" mo ní. "Ìró ló ní ká wọ̀, àbí? Ká wọ̀ ọ́. Kó gbálẹ̀. Tá a bá wá dé ìdí ìlà pupa, kó o sọ ohun tó o máa ń sọ láràárọ̀."

Ó wò mí títí, ẹ̀rín wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. "Kò sì sọ ohun tá ò gbọdọ̀ wọ̀ sábẹ́ ìró."

A fi tó àwọn obìnrin yòókù létí. Nígbà tí a sọ fún Bàbá Gírísì, ó ní táì kan wà nílé tí òun so lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, ó sì gùn dáadáa.

Ká sọ tòótọ́, a rẹwà lọ́jọ́ Ajé. Ìró ń gbálẹ̀ káàkiri, táì Bàbá Gírísì sì dé ìdodo rẹ̀. Ọ̀gá Táì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. "Ẹ wá wò ó bí ẹ ṣe jọ èèyàn," ó ní. Mo gbé ìyẹn mì, mo wọlé. Ọkọ̀ ẹrù tó wá kó ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti wà lágbàlá, a ò sì tíì tẹ apá tó kẹ́yìn.

A tò sídìí ìlà. Ìyàwó mi ní, "Ẹ wo ara yín."

Mo wo ìró rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Kò pé," mo ní. Òun náà wo Bàbá Gírísì. "Kò pé." Bàbá Gírísì wo ọkùnrin tó ń po yíǹkì. "Kò pé." Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe yí wa ká, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó pé. A ká ọwọ́ sẹ́yìn, a dúró. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́, àfi fèrè ọkọ̀ ẹrù tó ń dún níta.

Ọ̀gá Táì sáré wọlé. "Kí ló dé tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i. "A ò pé ni sà. Aṣọ tẹ́ ẹ ní ká wọ̀ ò lè kọjá ìlà."

"Ìsọkúsọ. Ẹ̀rọ tí mo lè fọwọ́ ara mi tàn." Ó gbé ẹsẹ̀.

Bàbá Gírísì na apá síwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Táì yín ò pé."

"Ṣé èmi lẹ̀ ń dá dúró, Bàbá?"

"Ìlà ló dá yín dúró sà. Ó ti dá ẹni tó gbà yín síṣẹ́ dúró rí."

Ọ̀gá wo ìlà, ó wo àwọn rólà, ó wá wo táì rẹ̀ tó ń fì níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí i pé ó yé e, ó sì bà á lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi fi eyín mú ètè mi. Fèrè ọkọ̀ tún dún. Ó tú táì náà díẹ̀díẹ̀, ó kó o sápò.

Bàbá Gírísì tú tirẹ̀, gbogbo ọkùnrin tú tiwọn. Ìyàwó mi wá tú ìró. Ṣòkòtò kakí ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ká ìró náà, ó gbé e fún mi. Obìnrin tó ń gé bébà tú tirẹ̀, èmi náà tú tèmi, ìró sì bọ́ sílẹ̀ lára wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ẹni ìkẹyìn, ṣòkòtò ló sì wà lábẹ́ gbogbo wọn.

"Ẹ wo ara yín."

"Ó pé." "Ó pé." Ohùn wa ń lọ sókè sí i títí ó fi kan ọ̀gá, ìyàwó mi ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ wò ó. "Ó pé, sà."

"Ó dáa," ọ̀gá ní. "Ẹ tan ẹ̀rọ."

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. "Ṣé kí n tàn án pẹ̀lú ṣòkòtò, sà?"

"Pẹ̀lú ṣòkòtò."

"Lónìí nìkan ni sà, àbí lójoojúmọ́?"

Ọ̀gá wo ọ̀nà àgbàlá níbi tí ọkọ̀ wà, ó wo gbogbo wa. "Lójoojúmọ́," ó ní lábẹ́ ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Mo ní lójoojúmọ́." Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pàápàá gbọ́.

Ìyàwó mi tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ bú ramúramù, àwa náà hó yèè, kò sì sẹ́ni tó mọ ariwo ẹ̀rọ yàtọ̀ sí tiwa. Mo ki ìró rẹ̀ sábẹ́ apá, mo padà sídìí tábìlì mi, inú mi sì dùn débi pé ìwé àkọ́kọ́ tí mo dì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dorí rẹ̀ kodò.