Ológò tó ń wo ọwọ́ Gbóyèga

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Akínlẹ́yẹ fẹ́ kú ní ọdún 1988, ó fi ilé oníyàrá mẹ́jọ rẹ̀ ní Ìgándò sí ìkáwọ́ mi, kò fi sí ìkáwọ́ Gbóyèga ọmọ rẹ̀. Lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí n máa gba owó ilé, kí n máa fi tọ́jú Gbóyèga bí mo bá ṣe rí i pé ó yẹ, àti pé ọjọ́ tó bá wù mí ni mo lè kó ìwé ilé lé e lọ́wọ́. Akínlẹ́yẹ ló san owó ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ mi, náírà méjìdínlógún fún sáà kan, fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkòtún. N kò lè kọ̀ fún un.

Ní 1991, Gbóyèga gba igba àpò sìmẹ́ǹtì láwìn lọ́wọ́ Àlàájì Àmúsà ní Ìkòtún. Agbaṣẹ́ṣe tó kó o fún sá lọ. Àlàájì pè wá lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n ta ilé. Adájọ́ ka ìwé ìhágún náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tí kò tíì dé ọwọ́ Gbóyèga kì í ṣe ti Gbóyèga, olówó rẹ̀ kò sì lè gbà á. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, Àlàájì lè gbà á títí gbèsè yóò fi tán.

Àlàájì dúró dè mí níta kọ́ọ̀tù. "Màdáámù, ilé bàbá rẹ̀ ni mo wò tí mo fi tà á láwìn. Ṣé ògiri ẹlòmíì ni mo wò ni?"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo lọ wọ ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rán ológò sí wa bí ará àtijọ́ ṣe ń ṣe: ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè, tí yóò máa bú wọn, tí yóò máa jẹ oúnjẹ wọn, títí ojú yóò fi tì wọ́n tí wọn yóò sanwó. Bàbá arúgbó kan ni, Táyéwò, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò jẹun.

"Bàbá, ẹ bú wa díẹ̀ jàre," Sìdíkátù, ayálégbé yàrá iwájú, sọ fún un. "Ológò tí kì í sọ̀rọ̀, àbí ìjọba ló gbà yín síṣẹ́?"

Bàbá náà kò wò ó. Ọwọ́ Gbóyèga ló ń wò.

Nígbà tó ṣe, àárọ̀ kùtù la ó bá a níbẹ̀, a kì í rí ìgbà tó ń lọ. Bí mo bá gbé ìrẹsì lọ fún ìyàwó Gbóyèga, kò ní mira. Bí mo bá ń lọ san owó ilé ìwé ọmọ wọn, kò ní mira. Lọ́jọ́ kan Sìdíkátù na náírà márùn-ún sí Gbóyèga pé kó bá òun fún mi. Kí owó náà tó balẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bàbá náà ti dúró tì í. A kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó gbà á, ó padà lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni Sìdíkátù ń gbà wọlé. Owó èyíkéyìí tó bá fẹ́ dé ọwọ́ Gbóyèga, bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà ń ṣe gbà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, Gbóyèga wá bá mi.

"Àǹtí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀ ń wọn ìrẹsì fún mi bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kó ìwé ilé fún mi. Àlàájì ti gbàgbé ṣá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ní 1974, oṣù méje ni mo fi gbé ilé obìnrin kan tó ń fi agolo mílíìkì wọn gàrí fún mi, tó sì ń fi ọ̀bẹ gbá orí gàrí náà kó má bàa kún jù. Mo ní kó wá gba ìwé ilé lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé mo lọ sí Ìkòtún láti bẹ Àlàájì kó mú ológò rẹ̀ kúrò. Ó fi ìwọ̀n tó fi ń wọn ìṣó sílẹ̀.

"Táyéwò? Màdáámù, ọjọ́ mọ́kànlá péré ni Táyéwò lò lọ́dọ̀ yín. Ibà ló ṣe é. Èmi ni mo ra aṣọ tí wọ́n fi sin ín. N kò rán ẹlòmíì."

"Owó tó ń gbà ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀. "Mo máa ń bá owó nílẹ̀ ìsọ̀ mi láàárọ̀. Márùn-ún, mẹ́wàá. Mo rò pé oníbàárà ló ń já a sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Gbóyèga dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀ dáadáa. N kò tíì sọ ohun tí Àlàájì wí fún un. Mo ti ṣèlérí, mo sì ń sọ fún ara mi pé àsọdùn Àlàájì ni. Mo na àpòòwé tí ìwé ilé wà nínú rẹ̀ sí i. Ó la ọwọ́.

Òórùn káfúrà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wẹ òkú. Bàbá náà ti wà láàárín wa. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sí abẹ́ ti Gbóyèga, ó là á sílẹ̀, ó ń dúró.

Gbóyèga wolẹ̀, ó rí ọwọ́ náà.

"Àǹtí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ mú un padà."

Mo mú un padà. Bàbá náà lọ jókòó.

Èmi ni mo ṣì ń ra ìrẹsì. Gbóyèga kò bèèrè mọ́, ó sì máa ń ká ọwọ́ méjèèjì sí abíyá bó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi máa ń kúnlẹ̀ kí bàbá náà, nítorí àgbà ni.