Bí Jorieke Ṣe Gbìyànjú Láti Pàdánù

Ọdún mọ́kànlá ni Jorieke Haverkamp fi gbá tẹníìsì jẹun. Ó gbá a dé àwọn ìlú tí kò rántí orúkọ wọn mọ́, nítorí pé ohun tó rí ní ìlú kọ̀ọ̀kan kò ju pápákọ̀ òfurufú, hòtẹ́ẹ̀lì àti pápá lọ, kí wọ́n tó nà án jáde nínú ìdíje. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Nǹkan bí àádọ́rin obìnrin péré ló mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ ní gbogbo ayé, àmọ́ àwọn gan-an ni ó máa ń bá pàdé. Nígbà tí èjìká rẹ̀ kọ iṣẹ́, ó kó ẹrù padà sí Hasselerveen, ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí, ó ra kẹ̀kẹ́, ó sì wọ ẹgbẹ́ tẹníìsì ibẹ̀. Nítorí pé kò gbá ìdíje kankan nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí kò tíì ní rí: àwọn ẹni tí wọ́n jọ ń gbá. Ikọ̀ àwọn obìnrin tó ń gbá ní àárọ̀ Sátidé nílò ẹnì kẹrin. Tonnie Wesselink tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni olórí wọn. Lammie jẹ́ tíṣà. Ine Borgman ń gbin òdòdó. Bí wọ́n bá gbá tán, wọn a fi àwọ̀n gbọọrọ wọ́ erùpẹ̀ pupa ojú pápá yípo, láti etí wá sí àárín, títí yóò fi tẹ́jú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, àwọn àti àwọn alátakò wọn a jọ jókòó sídìí tábìlì kan, wọn a mu ọbẹ̀ tòmátì, wọn a jẹ kéèkì ápù. Lọ́jọ́ tí Ine kọ́kọ́ gé kéèkì fún Jorieke láìbéèrè bóyá ó borí, Jorieke pinnu pé kò sóhun tí yóò gbé òun kúrò lórí àga yẹn.

Ohun tó wá fẹ́ gbé e kúrò ni pé ó ń borí. Ọ̀sẹ̀ dé, ó borí. Ọ̀sẹ̀ lọ, ó borí. Nígbà tó ku Sátidé kan kí ìdíje parí, ikọ̀ wọn àti ikọ̀ ìlú Zwartemeden ló ń ṣíwájú gbogbo ìpele wọn, àwọn méjèèjì ló sì kù láti pàdé. Tonnie wá bá a níbi tó ti ń fọ ife ní ilé ọtí ẹgbẹ́, nítorí ó kan Jorieke láti ta kọfí lọ́jọ́ yẹn.

"Jorieke, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po."

"Ẹ kì í yí i po tẹ́lẹ̀."

"Ikọ̀ tó bá borí ní Sátidé máa gòkè sí ìpele tó tẹ̀ lé e. Ṣó o mọ àwọn tó wà lókè?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá díẹ̀ sí i."

"Àwọn ọmọ ogún ọdún. Wọ́n á gbá, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ mọ́tò, ó tán. Wọn kì í mu ọbẹ̀. Ọ̀nà wọn sì jìn, orúnkún Lammie ò lè gba irú ìrìn yẹn. Tá a bá gòkè, ikọ̀ yìí tú nìyẹn."

"Ṣé ẹ ní kí n pàdánù ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní tá a bá gòkè, ikọ̀ tú. Tún ife yẹn fọ̀, kọfí ṣì wà létí ẹ̀."

Ọkàn Jorieke balẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá wà tó mọ̀ dójú àmì, pípàdánù ni.

Sátidé dé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n máa gbá. Tonnie àti Lammie tètè pàdánù, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ jó wá sídìí kọfí. Àmọ́ ẹni tó bá Ine gbá ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tó pín pápá sí méjì bí ẹni ń ju àgbàdo fún adìyẹ, ni Ine bá borí. Nígbà tí wọ́n gbá ti ẹlẹ́ni méjì-méjì, bákan náà ló rí, ikọ̀ Jorieke tún borí. Ìgbà yẹn ló yé gbogbo wọn pé àwọn ará Zwartemeden náà kò fẹ́ gòkè. Ó di méjì sí méjì, ó sì ku Jorieke àti Aleida Bruggink, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.

Jorieke ti gbèrò ọ̀nà rẹ̀. Bí èèyàn bá dojú rákẹ́ẹ̀tì kọ òkè díẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò kọjá ìlà ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ó ṣe é. Bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Ó yíjú padà, inú rẹ̀ dùn.

"Ó wọlé," Aleida wí.

"Ó jáde, mo rí i."

"Ẹ̀gbẹ́ ta ló bọ́ sí?"

"Tiyín ni."

"Ta ló ń dájọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdíje Sátidé kò ní adájọ́; kálukú ló ń dájọ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wo ojú ẹ̀," ni Jorieke wí, nítorí bọ́ọ̀lù kì í balẹ̀ sórí erùpẹ̀ pupa kó má fi ojú, ìyẹn àmì ibi tó bọ́ sí, sílẹ̀. Ó rìn dé ìdí àwọ̀n, ó nàka sí i. Aleida wo ojú náà dáadáa, ó fi bàtà rẹ̀ pa á rẹ́.

"Ojú wo?"

Ọdún mọ́kànlá ni Jorieke fi bá adájọ́ jà pé bọ́ọ̀lù òun wọlé. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bẹ̀bẹ̀ pé ó jáde. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gbogbo bọ́ọ̀lù Aleida ló wọlé, àmọ́ Aleida kì í gbá a kọjá ìlà. Inú àwọ̀n ló ń gbá a sí, kò sì sẹ́ni tó lè dájọ́ pé bọ́ọ̀lù inú àwọ̀n wọlé. Ìgbà tí èyí fi yé Jorieke, ó ti borí ní sẹ́ẹ̀tì kìíní, ìyẹn apá kìíní ayò náà, ó sì ku díẹ̀ kó borí ní èkejì. Òun náà wá kọjú sí àwọ̀n, ó ju gbogbo bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sí i. Ó ti pẹ́ jù. Ó kan Aleida láti máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó ń gbé e sínú àwọ̀n jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kó ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀. Jorieke dúró lódìkejì tòun ti rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè pàdánù bọ́ọ̀lù tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó borí.

Aleida bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ogún ọdún ni mo ti wà ní ìpele yìí, ọmọ mi. Àbí o rò pé Ọlọ́run ló fi mí síbẹ̀?"

Nídìí tábìlì, Jorieke kò fọwọ́ kan ọbẹ̀.

"Ẹ wá ẹlòmíì," ó wí. "Èmi á kúrò, kí ikọ̀ má bàa tú."

"Ta ló ní kó o kúrò?" Tonnie ti ń rò ó láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ́ pápá. "A ti gòkè, a ti gòkè. Bá a ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ padà ló kù. Lọ́dún tó ń bọ̀, o ò ní dá gbá mọ́. Ìwọ àti Ine lẹ jọ máa gbá. Kò sẹ́ni tó lè wà pẹ̀lú Ine kó borí."

"Mo borí lónìí," ni Ine wí.

"Inú àwọ̀n lobìnrin yẹn ń ju gbogbo bọ́ọ̀lù sí, Ine."

"Ẹ̀rù mi ló ń bà á."

Tonnie ti àwo kéèkì sí Jorieke níwájú. Àwọn kóòṣì olówó ńlá ti ṣètò bí Jorieke ṣe máa borí rí. Kò sí ìkankan nínú ètò wọn tó dá a lójú tó èyí.

"Ta ló máa wakọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn yẹn?" Lammie béèrè, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Èmi ni," Jorieke wí, kéèkì kún ẹnu rẹ̀.