Òtútù Kò Mú Mi

Eyín aránṣọ ń lu ara wọn bí abẹ́rẹ́ tó ń sáré lórí aṣọ líle. Ó fẹ́ pa ẹnu dé, ẹnu kọ̀. Èjìká rẹ̀ ń dùn ún wọ eegun, bẹ́ẹ̀ inú ikùn ni wọ́n ti yọ àpò òróòro rẹ̀, ihò kéékèèké lásán ni wọ́n sì gbà wọlé.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àbúrò rẹ̀, nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ, ti là á yé e. "Afẹ́fẹ́ la ó fi fẹ́ ikùn yín kí dókítà lè rí iṣẹ́ ṣe. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá tutù, ẹ ó gbọ̀n, èjìká á sì máa dùn yín. Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ kan tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀yin ni mo fi í pamọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi á wà níbẹ̀ kí òtútù pa yín?"

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló jẹ́ kó gbà láti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ìyá arúgbó kan jókòó lórí ibùsùn kejì nínú yàrá aláìsàn náà, ó ń fẹ́ tíì.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Eyín rẹ yìí kò jẹ́ kí n sùn!" Ó rẹ́rìn-ín, ó yára di ikùn mú. "Òróòro ni wọ́n yọ fún èmi náà láàárọ̀. Ara mi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo jí. Nọ́ọ̀sì tó ní èjí yẹn mà dáa o! Ó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbọ́n òun ló yẹ kó lò ó, ṣùgbọ́n èmi ni ìyá ọ̀gá àwọn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í bínú."

Aránṣọ kọjú sógiri. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àbúrò rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìbora lápá, eyín rẹ̀ tó ní èjí ń dán.

"Ẹ ti jí! Ṣé ẹ rí i? Mo lo ẹ̀rọ yẹn fún yín bí mo ṣe ṣèlérí."

Ìyá arúgbó gbé ife kúrò lẹ́nu. Kò tún mu ún mọ́.

Nígbà èwe, ìbora kan ni àwọn méjèèjì ń pín. Àbúrò a fà á tán sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lójú oorun. Bí ìyá wọn bá bi aránṣọ léèrè lówùúrọ̀, a ní òtútù kò mú òun. Ó sọ ọ́ títí tó fi di orúkọ rere rẹ̀ nínú ilé.

"Àbí òtútù ṣì ń mú yín?" àbúrò rẹ̀ bi í.

Ìdáhùn àtijọ́ ti dé orí ahọ́n. Aránṣọ gbé e mì.

"Ó ń mú mi," ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń mú mi."

Àbúrò rẹ̀ dúró pẹ̀lú ìbora lọ́wọ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́.