Bàtà, Ọsàn, Fèrèsé

Àga yìí gan-an ni mo máa ń ní kí àwọn aláìsàn jókòó sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú fèrèsé, kí oòrùn má baà máa ta sójú ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Lónìí, èmi ni wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀. Ayé ń yí lóòótọ́.

Àkọ́bí mi ló mú mi wá, ó wà níta lórí bẹ́ńṣì. Ó ní mo gbé ìkòkò ka iná, mo sì lọ sùn. Irọ́ kọ́. Ó ní bí dókítà bá fi lè sọ pé iyè mi ti ń ra, mi ò ní dá gbé mọ́, ọ̀dọ̀ òun ni mo máa kó lọ. Kí n fi ilé tí èmi àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara wa kùn sílẹ̀, kí n wá máa sùn sí yàrá àlejò. Mo ní ó dáa, ká lọ bá dókítà. Ta ló fẹ́ bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ̀? Nọ́ọ̀sì àgbà ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kògbagbẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, wọ́n ṣebí mi ò gbọ́.

Ìgbà tí dókítà wọlé, àṣé Ẹlẹ́kún ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Aláìsàn kan ò rántí orúkọ ìyàwó rẹ̀, òun tó ń bi í léèrè ló bú sẹ́kún. Mo fà á sí kọ̀rọ̀. Mo ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ aláìsàn lọ́fun, má tẹjú mọ́ ọn. Jẹ́ kí bíró rẹ bọ́ sílẹ̀, kí o máa wá a títí yóò fi nu ojú rẹ̀ tán."

Ó ti hu irùngbọ̀n báyìí. Ó kí mi, ó bi mí ní ọjọ́ òní, ó bi mí ní ibi tí a wà. Ó ní òun máa dárúkọ nǹkan mẹ́ta, kí n fi wọ́n sọ́kàn: bàtà, ọsàn, fèrèsé. Ó ní kí n ka oṣù láti ìparí ọdún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á geere.

"Màmá, kí ni àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn?"

"Bàtà, ọsàn, fèrèsé."

Inú rẹ̀ dùn, ó gbé bíró. Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà.

"Ẹlẹ́kún, ta ló kọ́ ọ ní mẹ́ta yẹn? Èmi ni. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, màá kà á. Ṣé bí a ṣe ń yẹ èèyàn wò nìyẹn? Mú òmíràn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èyí náà ti tó."

"Kò tó. Ìwọ bi mí bó ṣe yẹ."

Ó mí kanlẹ̀, ó dárúkọ nǹkan mẹ́ta mìíràn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ̀rọ̀ nípa wọ́ọ̀dù àtijọ́. Háà, inú mi dùn. Mo sọ nípa rédíò wa tó jẹ́ pé àfi kéèyàn gbá a létí kó tó sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa bàbá arúgbó tó máa ń kí ilẹ̀kùn kó tó wọlé, títí gbogbo wa náà fi ń kí ilẹ̀kùn. Mo tún ń gbóòórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ láàárọ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi tí a ti ń mu tíì. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Àárò wọn sọ mí gan-an.

"Màmá, àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

"Iyọ̀," ni mo wí.

Mo wá èkejì. Mo wá a títí. Bàtà, ọsàn, fèrèsé nìkan ló ń sáré wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ògiri ilé mi, àti ibi tí ọ̀dà ti kán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí bàbá wọn ní kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bíró bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́kún.

Ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ káàkiri. Mo rí bíró náà láti ibi tí mo jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà. Kò mú un. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tó ń fa imú.

Mo fa áńkáṣíìfù mi yọ.

"Máa wá a, ọmọ mi," ni mo wí. "Mi ò tíì nu ojú tán."